Ẹ Bi Màmá Kẹ́mísírì: Dorothy Hodgkin, obìnrin tó rí ojú ínsúlínì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Nínú ìwé ìròyìn oṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lórí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, mo dárúkọ Dorothy Hodgkin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní òun ni obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ kí aráyé rí ojú ínsúlínì. Mo rò pé mo ti kọjá níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò gbà. Lẹ́tà ń wọlé, ìpè ń wọlé, títí olóòtú wa fi ní kí n fi gbogbo abala tòní sọ̀rọ̀ obìnrin yìí. Inú mi dùn sí i. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, orúkọ ọkùnrin ni ìwé wa fi ń kún wọn lẹ́nu: Dalton, Boyle, Avogadro, Haber. Bí wọ́n bá dárúkọ obìnrin kan, Marie Curie ni.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ṣé obìnrin yìí ló ṣe é ni? Bí kì í bá ṣe òun, kí ni rírí tó rí ojú rẹ̀ ṣe fún èmi tí mò ń gún un? (Ìyá Bọ̀sẹ̀, Ìsẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ̀sẹ̀, òun kọ́ ló ṣe é. Frederick Banting àti Charles Best ló yọ ínsúlínì jáde lára ajá ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 1921. Ọmọ ọdún 11 ni Dorothy nígbà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún èèyàn, ó sì ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ bí átọ́ọ̀mù inú rẹ̀, àwọn ègé tíntìntín tó para pọ̀ di í, ṣe tò. Wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọn ò mọ ìrísí rẹ̀.

Lọ́dún 1934, Dorothy ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Oxford láti Cambridge ni. Robert Robinson, ọ̀gá àgbà láàárín àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Oxford, fún un ní ínsúlínì tó ti di kírísítà, ìyẹn horo tó ń dán bí iyọ̀, 10 mílígíráàmù péré. Horo rẹ̀ kéré jù fún ẹ́síréè, nítorí náà ó yọ́ ọ, ó tún jẹ́ kó dì padà díẹ̀díẹ̀ kó lè tóbi sí i. Lọ́dún 1935 ló fi ẹ́síréè ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó fọ fíìmù náà lálẹ́, tó rí tóótòó tó tò yí àárín rẹ̀ ká, kò lè lọ sùn. Ó ń rìn kiri ìgboro Oxford lóru, inú rẹ̀ ń dùn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀, nítorí kò mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. Fọ́tò ti wà, ìtumọ̀ kò sí. Ínsúlínì tóbi ju ohun tí ìṣirò ìgbà náà lè gbé. Ó gbé e tì, ó lọ wádìí pẹnisílíìnì, oògùn tó ń pa bakitéríà, ó lọ wádìí fítámìnì B12, ó sì ń padà wá wò ó. Lọ́dún 1955, Frederick Sanger ní Cambridge sọ bí àwọn ámínò ásíìdì 51 inú rẹ̀, àwọn èròjà kéékèèké tó so pọ̀ di ínsúlínì, ṣe tò tẹ̀ léra wọn. Ìyẹn náà kò tíì sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ká. Oṣù kẹjọ 1969 ni Dorothy àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́, Guy Dodson, Tom Blundell, Vijayan ará Íńdíà àti àwọn mìíràn, tó kéde pé àwọn ti rí i. Láti 1934 sí 1969! Ọdún 35. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí 10 mílígíráàmù yẹn dé ọwọ́ rẹ̀ ti lè bímọ mẹ́rin.

Ní ti ohun tó ṣe fún yín: nínú ìgò yín, ínsúlínì kì í dá wà. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń so mọ́ra, tí átọ́ọ̀mù síńkì méjì sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá gún un, wọ́n ní láti tú ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, ìyẹn ló fà á tí irú ti àtijọ́ fi máa ń pẹ́ kó tó mú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ti wá rí ibi tí àwọn ínsúlínì náà ti ń di ara wọn mú, àwọn tó ń ṣe oògùn yí ibẹ̀ padà díẹ̀ kí wọ́n lè tètè tú ká. Irú èyí ni dókítà máa ń ní kí èèyàn gún nígbà tí oúnjẹ bá ti délẹ̀. Wọ́n tún ṣe àwọn mìíràn tí ń tú ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún odindi ọjọ́ kan. Èwo ni tiyín, dókítà yín ló mọ̀. Ẹ má fúnra yín pààrọ̀ rẹ̀ nítorí ohun tí Màmá kọ o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. SS2 ni mo wà. Mo fẹ́ràn kẹ́mísírì, àmọ́ bùọ̀dá mi ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, pé ọmọ olówó ni gbogbo obìnrin tó bá rí i ṣe. Ṣé ọmọ olówó ni Dorothy? Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? (Ọmọ Ẹdẹ)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bùọ̀dá rẹ rí ìdajì òótọ́. Dorothy kì í ṣe ọmọ tálákà. Bàbá rẹ̀, John Crowfoot, ń ṣiṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Íjíbítì, lẹ́yìn náà ní Sùdáànì, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso ibẹ̀. Káírò ni wọ́n ti bí Dorothy, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 1910. Ìyá rẹ̀, Molly, kò lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ híhun àtijọ́ débi pé àwọn awalẹ̀pìtàn ń wá ìmọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé wà nílé wọn. Ohun tó wọ́n wọn ni òbí. Nígbà tí ogun 1914 dé, wọ́n fi òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Worthing, létí òkun, nítòsí ìyá àgbà, àwọn òbí sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwa tí ìyá àgbà tọ́ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Nílé ẹ̀kọ́ girama tó lọ ní Beccles, àwọn ọmọkùnrin ló ń ṣe kẹ́mísírì. Òun àti ọmọbìnrin kan péré ni wọ́n gbà láyè láti bá wọn jókòó. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Khartoum. Ó ń fọ iyẹ̀pẹ̀ ọgbà wọn nínú abọ́ bí àwọn tó ń wá wúrà ṣe ń ṣe, ó sì rí òkúta dúdú kan tó ń dán. Ó mú un lọ bá ọ̀rẹ́ àwọn òbí rẹ̀, Dókítà Joseph, onímọ̀ kẹ́mísírì tí ń yẹ ilẹ̀ wò. Ọkùnrin yẹn kò lé e. Ó jókòó tì í títí wọ́n fi yẹ òkúta náà wò, ó sì já sí ilmenite, òkúta tí irin àti titéníọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ó tún fún un ní àpótí tí kẹ́míkà kún inú rẹ̀, ọmọ náà sì gbé e lọ sí àjà ilé wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìfẹ́ ẹ̀kọ́ kú mọ́ nínú nítorí pé àgbàlagbà kan sọ fún un pé, “Jọ̀ọ́, má yọ mí lẹ́nu.” Dókítà Joseph ì bá sọ bẹ́ẹ̀, bóyá n kì bá tí kọ abala yìí.

Nígbà tó pé ọdún 16, ìyá rẹ̀ fún un ní ìwé kan tí William Bragg kọ. Ibẹ̀ ló ti kà pé ẹ́síréè lè fi ibi tí átọ́ọ̀mù wà hàn. Oxford kò gba ẹni tí kò mọ èdè Látìn, bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì kọ́ ọ. Ó lọ kọ́ ọ lọ́tọ̀. Ó wọ Somerville, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin, lọ́dún 1928, ó sì fi ipò kìíní jáde lọ́dún 1932. Kódà nígbà tó di olùkọ́ níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì kò jẹ́ kí obìnrin wọ ìpàdé wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ pè é wá sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Nítorí náà, owó bàbá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kan, kò ṣí èkejì. Jẹ́ kí bùọ̀dá rẹ ka ibí yìí. Kí ìwọ náà sì di ìṣirò mú, nítorí kẹ́mísírì láìsí ìṣirò kì í rìn jìnnà.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ́síréè ni mò ń yà nílé ìwòsàn. Egungun la máa ń rí, ìgbà míì ẹ̀dọ̀fóró. Báwo ni ẹ́síréè ṣe lè fi átọ́ọ̀mù hàn, ohun tí kò ṣeé fojú rí? (Ayàwòrán Egungun, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Tó bá di alẹ́, ẹ mú ìborùn tín-ín-rín kan, irú èyí tí òwú rẹ̀ wẹ́ gan-an, ẹ tẹ́ ẹ síwájú ojú yín, kí ẹ fi wo gílóòbù kékeré kan tó jìnnà. Ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà pín sí tóótòó tóótòó, tó tò bí àgbélébùú. Òwú tó tò déédéé nínú aṣọ ló tú u ká bẹ́ẹ̀. Bí òwú bá sún mọ́ra sí i, àwọn tóótòó náà á jìnnà síra sí i. Nínú kírísítà, àwọn átọ́ọ̀mù ló tò déédéé, ṣùgbọ́n àyè àárín wọn kéré débi pé ìmọ́lẹ̀ lásán kò rí i ṣe, àfi ẹ́síréè. Ẹ́síréè á gba inú kírísítà kọjá, á fi tóótòó sílẹ̀ lórí fíìmù. Ibi tí tóótòó kọ̀ọ̀kan wà, àti bó ṣe dúdú tó, ni wọ́n fi ń ṣírò padà sí ibi tí átọ́ọ̀mù wà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbì ni ẹ́síréè. Fíìmù ń sọ bí ìgbì ṣe lágbára tó, kì í sọ bóyá ó ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Ìdajì ìròyìn ti sọnù. Ọ̀kan lára ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n á fi átọ́ọ̀mù wúwo kan sínú ohun náà, wọ́n á tún fọ́tò rẹ̀ yà, wọ́n á sì fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín fọ́tò méjèèjì wá ohun tó sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé. Bí tóótòó ṣe dúdú tó, ojú lásán ni Dorothy fi ń wọ̀n ọ́n.

Pẹnisílíìnì ló pa àwọn tí kò gbà pé ẹ́síréè lè ṣe é lẹ́nu mọ́. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ mọ bí átọ́ọ̀mù inú oògùn náà ṣe tò kí wọ́n lè wá ọ̀nà àtiṣe é ní yanturu. Àwọn ọ̀gá kẹ́mísírì ń jiyàn. Robinson kan náà tó fún un ní ínsúlínì dúró lórí èrò kan. Àwọn mìíràn ní òrùka onígun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kábọ́ọ̀nù mẹ́ta àti náítírójìn kan, irú ohun tí kì í fara balẹ̀ rárá. Wọ́n ní John Cornforth, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà tó wà lẹ́yìn Robinson, sọ pé bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, òun á fi kẹ́mísírì sílẹ̀, òun á lọ máa gbin olú. Lọ́dún 1945, Dorothy àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Barbara Low, fi ẹ́síréè hàn pé òrùka onígun mẹ́rin náà wà níbẹ̀ gbáko. Cornforth kò gbin olú o. Òun náà gba Nobel, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 1975. Òrùka yẹn gan-an ló ń ba bakitéríà jẹ́. Òun náà sì ni bakitéríà tó ti gbọ́n ń já, kí oògùn má bàa ràn án, ohun tó yẹ kó ba àwa tí à ń ra ampicillin, ọmọ ìyá pẹnisílíìnì, bó ṣe wù wá lẹ́rù.

Fítámìnì B12 tún le ju ìyẹn lọ. Lester Smith ti ilé iṣẹ́ Glaxo ló fún un ní kírísítà rẹ̀ lọ́dún 1948, ó pupa fòò. Átọ́ọ̀mù 181 ló wà nínú mólékù kan ṣoṣo, kóbọ́ọ̀tì sì wà láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú sáyé nígbà náà. Kenneth Trueblood ní ọ̀kan lárọ̀ọ́wọ́tó ní Los Angeles, òun àti Dorothy sì ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń tẹ wáyà síra wọn káàkiri òkun títí ìdáhùn fi jáde ní nǹkan bí 1956.

ÌBÉÈRÈ: Aránṣọ ni mí. Làkúrègbé ti mú ọwọ́ mi méjèèjì, ìka mi sì ti ń wọ́. Wọ́n ní obìnrin yìí náà ní in. Báwo ló ṣe rí iṣẹ́ ṣe? (Ìyá Aránṣọ, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Òótọ́ ni. Kò tíì pé ọmọ 30 ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó bí àkọ́bí rẹ̀, Luke, lọ́dún 1938, ó wá le gan-an. Ó lọ sí Buxton, níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná wẹ àwọn alárùn oríkèé, wọ́n sì fún un ní oògùn oníwúrà. Kò lọ tán. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò lè fa súìṣì ńlá ẹ̀rọ ẹ́síréè mọ́. Ó wá ṣe irin gígùn kan mọ́ ọn tí yóò fi máa tì í. Láàbù rẹ̀ wà ní igun kan nínú ilé àkójọ ohun ẹ̀dá ní Oxford, fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì ga. Lábẹ́ fèrèsé yẹn ni awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wà, nítorí náà, àkàbà ló ń gùn, tòun ti kírísítà lọ́wọ́, ìka tó wọ́ yẹn náà ló sì fi ń tò ó. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ò sọ pé ó já ọ̀kan bọ́.

Lọ́dún 1978, Henry Moore, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, ya ọwọ́ méjèèjì yẹn nìkan. Maggi Hambling, ayàwòrán, ya Dorothy fúnra rẹ̀ lọ́dún 1985, àwòrán náà wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù: ìyá àgbà lẹ́yìn tábìlì tí ìwé kún, ọwọ́ mẹ́rin ló yà fún un, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ. Ní 1993, nígbà tó ti di ẹni ọdún 83, orí kẹ̀kẹ́ aláìlera ló wà lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ kírísítà ní Beijing. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1994.

Ẹ̀yin náà, bí oríkèé yín bá ń le gbagidi láràárọ̀ tí kò sì tètè rọ̀, ẹ má dúró lórí ìpara nìkan. Ẹ lọ rí dókítà. Oògùn tó wà lóde báyìí kò sí nígbà ti Dorothy. Ẹ ní kí wọ́n so mọ́tò mọ́ máṣíìnì yín, kí ẹ sì wá sísọ́ọ̀sì tó ní sípíríǹgì, èyí tí ń ṣí fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú ilé o. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa sọ pé Gánà ni obìnrin yìí wà nígbà tó gba Nobel, pé òun ló sì kọ́ Margaret Thatcher. Mo ní irọ́ ni. (Bàbá Tósìn, Peckham)

ÌDÁHÙN: Bàbá Tósìn, ẹ lọ bẹ ẹni náà. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́.

Ọkọ rẹ̀, Thomas Hodgkin, ló fà á. Thomas kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìtàn àti òṣèlú Áfíríkà ni tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1947 ló ti ń wá sí Gánà àti Nàìjíríà nítorí ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà, lọ́dún 1960 ló sì tẹ ìwé kan tó kó ọ̀rọ̀ àwọn ìgbà àtijọ́ nípa Nàìjíríà jọ. Nkrumah wá ní kó máa darí ilé ìwádìí nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Gánà, ní Legon. Dorothy máa ń lọ bá a gbé níbẹ̀ lápá kan ọdún. Gánà ni ìròyìn Nobel ti bá a ní oṣù kẹwàá 1964. Àkọ́bí ń kọ́ni ní Àlùjíríà, ọmọbìnrin ń kọ́ni ní Zambia, àbígbẹ̀yìn wà ní Íńdíà. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn nílé! Òun nìkan ló gba ti kẹ́mísírì lọ́dún yẹn, òun sì ni obìnrin kẹta tó gbà á, lẹ́yìn Marie Curie àti ọmọ rẹ̀ Irène. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan kọ ọ́ pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló gbowó. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti kọ “bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta” nígbà tí ọkùnrin gba tirẹ̀.

Ní ti Thatcher, Margaret Roberts ni orúkọ rẹ̀ nígbà tó ń ṣe kẹ́mísírì ní Somerville. Dorothy ló kọ́ ọ, inú láàbù Dorothy ló sì ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn rẹ̀. Òṣèlú wọn kò bára mu rárá. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀ láti fún Dorothy ní físà lọ́dún 1953 nítorí àwọn ẹgbẹ́ àlàáfíà tó ń bá rìn, Rọ́ṣíà sì fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin lọ́dún 1987. Síbẹ̀, nígbà tí Thatcher di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé àwòrán olùkọ́ rẹ̀ kọ́ sí Downing Street, ilé olórí ìjọba.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, iná kò sí ládùúgbò wa. Ṣé kí n máa ki ínsúlínì mi bọ inú yìnyín? (Ẹni tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun, Ṣakí)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ má kì í bọ yìnyín, ẹ má gbé e sí fíríìsà. Bí ínsúlínì ṣe ká, èyí tí Dorothy rí, ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bó bá dì tàbí tí oòrùn bá pa á, kíká yẹn lè bà jẹ́, kò sì ní ṣeé tún ṣe. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, fíríìjì ni àyè rẹ̀, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta, níbi tí kò gbóná jù, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé inú páálí tiyín nítorí wọn kò dọ́gba. Bí kò bá sí iná rárá, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ da iyanrìn tútù sáàárín wọn, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ ibòji. Ẹ di ìgò náà sínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí irú èyí tó máa ń mọ́ gaara bá dọ̀tí, tàbí tí ẹ bá rí ègé funfun nínú rẹ̀, ẹ má gún un.